Àwòrán Tó Lè Dá Ọmọdé Padà

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ewu. Ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò mọ èyí tí mo lè fi kí yín nínú gbogbo rẹ̀, torí ẹni tí ilé rẹ̀ ò jó, tí òjò ò wó o, tí wọ́n kàn ní kó jáde kó má padà síbẹ̀ mọ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí i.

Orí tẹlifíṣọ̀n ibi iṣẹ́ ni mo ti rí i. À ń rán awọ ìjókòó rélùwéè lọ́wọ́, ẹ̀rọ ń pariwo, ni ẹnì kan bá ní, "Ṣé kì í ṣe ìlú yín nìyẹn?" Mo gbójú sókè. Mo rí ilé-iná núkílíà tó wà ní òdìkejì odò wa, èyí tó ń fún wa ní iná mànàmáná. Òrùlé rẹ̀ ti là sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ń yán, èéfín funfun ń jáde níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún mi níka, mi ò mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kán sórí awọ.

Mo pe fóònù yín títí. Nígbà tí ẹ jàjà gbé e, "Ta nìyẹn? Ta nìyẹn?" ni mo ń gbọ́, ẹ sì pa á. Mo mọ̀ pé etí yín ò gbé ọ̀rọ̀ fóònù mọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Agbẹ́kùúta ọ̀rẹ́ yín ló fún mi ní àdírẹ́sì iléèwé tí wọ́n kó yín sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Ẹ sọ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí àwọn oníròyìn ò sọ ju ẹyọ gbólóhùn kan náà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Yàrá kan wà tí a ń kó ẹrù sí; a ti kó o kúrò. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, ẹ óò máa rí àwọn tó ń kọjá, ẹ óò máa fi bí wọ́n ṣe ń rìn ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìṣe yín. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ni àna yín ń wà, ó mọ àwọn dókítà, wọ́n á yẹ̀ yín wò. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò lè fi ilé sílẹ̀. Ilé ti fi yín sílẹ̀.

Ẹ dáhùn kíákíá o. Ẹ má ṣe mí bí ẹ ṣe máa ń ṣe àwọn oníbàárà yín, tí ẹ̀ ń sọ "lọ́la, lọ́la" fún.

Ọmọ yín,
Àgídí


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Àgídí mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Mo kà á, mo tún un kà, mo gbé e fún Agbẹ́kùúta. Ó ní, "Ọmọ yìí ṣì ń bá ọ wí bí ìyá rẹ̀." Mo ní kó dá lẹ́tà mi padà.

Ara mi le. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọdé la wà. Pátákó dúdú wà níwájú wa, ìṣirò tí olùkọ́ kọ kẹ́yìn ṣì wà lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ nù ún. Bẹ́ẹ̀dì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Agbẹ́kùúta. Ó ń hanrun bí ẹni ń rẹ́ òkúta, ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó dí mi létí mọ ohun tó ń ṣe.

O ní kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò jọ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ibi tó burú sí nìyẹn. Mo wà lórí àkàbà níwájú ṣọ́ọ̀bù aránbàtà, mò ń kun lẹ́tà tó gbẹ̀yìn lára pátákó rẹ̀. Ojú ọjọ́ dára. A gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n pa ilẹ̀kùn ńlá dé. Èmi pàápàá gbọ́ ọ. A wò yíká, a ò rí nǹkan, mo kọjú sí iṣẹ́ mi. Òjò wẹliwẹli kan rọ̀ lọ́sàn-án, àwọn ọmọdé ń sáré nínú rẹ̀, a sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ kan wá ń fi gbohùngbohùn kígbe pé ká mú ohun tí ọwọ́ méjì lè gbé, pé ọjọ́ díẹ̀ la máa lò. Mi ò tilẹ̀ dé ọ̀dà mi. Mo ní mò ń padà bọ̀.

Ìyá rẹ la fi sílẹ̀ níbẹ̀. O mọ̀ pé kò sí àárọ̀ kan tí n kì í gba ẹ̀gbẹ́ ibojì rẹ̀, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ lọ kùn fún un. Wọ́n ti na wáyà yí gbogbo ibẹ̀ ká báyìí. Wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ ti mu ìtànṣán olóró.

Ohun tí kò sì jẹ́ kí n lè tíì wá nìyí. Ọ̀gá obìnrin kan wá láti ilé-iná. Bàtà òjò ló máa ń wọ̀, ilẹ̀ ì báà gbẹ, bí a ṣe sọ ọ́ ní Ọ̀gá Bàtà-Òjò nìyẹn. Ó béèrè ẹni tó mọ àwòrán yà, gbogbo wọn nawọ́ sí mi. Ó ní wọ́n máa kó gbogbo yẹ̀pẹ̀ àti ohun tó ti bàjẹ́ jọ, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ létí ìlú wa, wọ́n á da kọnkéré lé e. Ó ní kí n ya ohun tí yóò máa kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kí wọ́n má gbẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n má kọ́lé síbẹ̀.

Mo ní, "Títí di ìgbà wo?"

Ó wá ní, "Bàbá, ìran mélòó ni ẹ mọ̀ nínú ìdílé yín?"

Mo ka ìwọ̀nba tí mo mọ̀. Ó ní kí n ka ìyẹn, kí n tún un kà, kí n máa kà á lọ títí yóò fi sú mi. Pé ibi tó bá ti sú mi yẹn kò tíì dé ìdajì.

Ọmọ mi, mo ti kun pátákó onígbàjámọ̀, mo ti kun ti oníbúrẹ́dì. Oòrùn ló ń jẹ gbogbo wọn kó tó pẹ́ títí. Ẹnì kan ò gbé irú iṣẹ́ yìí fún mi rí. Jẹ́ kí n ṣe é tán.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ fi sùúrù kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n sùúrù náà ò tó mi í lò.

Àwọn tó kọ́ ilé-iná ńkọ́? Ṣé wọn ò lọ́wọ́ ni? Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú tí wọ́n dà yìí, ọ̀dọ̀ yín ló fẹ́ sí, ẹ sì ń bá wọn gbá a!

Mo fẹ́ kí ẹ wà níwájú mi kí n tó sọ èyí, ṣùgbọ́n ẹ ò fẹ́ wá. Mo ti lóyún. Ẹ mọ bí a ti ń retí tó. Ẹ mọ iye ìgbà tí mo ti kọ̀wé pé ó dúró, tí mo tún kọ̀wé pé ó ti bàjẹ́. Èyí dúró. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa.

Wọ́n ti fọwọ́ sí físà yín. Ìwé náà wà lórí tábìlì mi, fọ́tò yín wà lára rẹ̀, ẹ fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́wù.

Ẹ̀ ń ṣàníyàn nítorí ọmọ tí wọn ò ní bí títí a ó fi di ẹni ìgbàgbé. Ọmọ tó wà nínú mi yìí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọmọ ọ̀la ni?

Àgídí


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Àgídí mi, ìyá ọmọ,

Mo kú oríire! Mo pariwo débi pé olùtọ́jú aláìsàn sáré wọlé, ó rò pé àyà ló ń dùn mí. Agbẹ́kùúta jó. Òun tí eékún rẹ̀ ò ṣe é tẹ̀ ni mo ń sọ yìí o, ó jó. Má gbé nǹkan wúwo. Má dúró pẹ́ nídìí ẹ̀rọ.

Ìbéèrè rẹ gún mi. Mo gbé e kiri fún ọjọ́ púpọ̀. Ọmọ mi, ọmọ inú rẹ àti ọmọ tí yóò gbé ọkọ́ dé orí ilẹ̀ yẹn lọ́jọ́ kan, mi ò rí ibi tí mo lè pín wọn sí. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ rẹ, èkejì jẹ́ ọmọ ọmọ ọmọ rẹ. Àwa la tan iná ọ̀hún. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń kun pátákó, abẹ́ rẹ̀ ni ìwọ ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ. Àwọn ò bá wa jẹun, a wá ń ní kí wọ́n wá fọ abọ́.

Iṣẹ́ náà le ju bí mo ṣe rò. Ọ̀gá Bàtà-Òjò mú àmì tí wọ́n ń lò káàkiri ayé wá, nǹkan róbótó kan tó ní apá mẹ́ta. Agbẹ́kùúta ní fáànù ni. Ọmọ kan ní òdòdó ni, ó béèrè bóyá òun lè kun tòun ní pupa. Mo ní ká kúkú kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá ní, "Bàbá, ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu bàbá àgbà yín lẹ gbọ́?" Ká sòótọ́, mi ò gbọ́ ọ tán, bẹ́ẹ̀ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ti ń jókòó.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán dán àwọn ọmọ tó wà níbí wò. Mo ya agbárí òkú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀kan gé e jáde, ó fi bojú, ó ń lé àwọn yòókù kiri ọgbà. Mo ya iná. Wọ́n ní ṣé ibẹ̀ la ti ń dáná ni. Mo ya ènìyàn tó ń sá lọ. Wọ́n ní eré ìje ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá a. Gbogbo ohun tí mo yà láti fi lé wọn, ńṣe ló ń pè wọ́n.

Ìwọ ni mo wá fẹ́ bi. Ìwọ tó jẹ́ pé ohun tá a bá ní kó o má fọwọ́ kàn lo máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Nígbà tó o wà ní kékeré, kí ló bà ọ́ lẹ́rù rí débi pé o yíjú padà fúnra rẹ?

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú àárò. Mo ti ní mi ò ní dáhùn ìbéèrè yín, torí mo mọ̀ pé bí mo bá dáhùn, ẹ ò ní kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń bá mi jókòó nídìí ẹ̀rọ, ó ń bá mi wọ bọ́ọ̀sì.

Ajá aládùúgbò ò bà mí lẹ́rù, mo fa ìrù rẹ̀. Kànga tí ẹ fi pákó bò, mo ṣí i wò. Ọ̀rọ̀ ò dá mi dúró, pàṣán ò dá mi dúró. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo yíjú padà, ọjọ́ tí ìyá mi kú.

Wọ́n ní kí n má wọ yàrá. Mo já mọ́ àwọn obìnrin tó dì mí mú lọ́wọ́, mo sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ọ̀dà funfun ṣì wà lápá yín, ó ti gbẹ. Ẹ̀ ń sunkún. Ẹ ò fọwọ́ bojú. Ẹ wò mí, ẹ na ọwọ́ kan síwájú, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí mi, ẹ ò sọ nǹkan kan. Mi ò rí àgbàlagbà kó sunkún rí. Mi ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Mo dúró. Mo yí padà, mo lọ jókòó sábẹ́ tábìlì ilé ìdáná, mi ò béèrè ohun tó wà nínú yàrá títí mo fi dàgbà.

Ìdáhùn mi nìyẹn. Ọ̀gá yín kọ́ ni mo fún o, ẹ̀yin ni mo fún.

Ọmọ ti ń ta pá nínú mi. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì yín, ìparí oṣù kẹjọ ni. Ẹ jẹ́ kí n bí i sójú yín.

Àgídí


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù keje

Àgídí mi,

Máà bínú pé mo pẹ́. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mi ò lè fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì fún ìgbà díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé o rántí. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo rò pé o ti gbàgbé.

Mo yà á. Arúgbó ọkùnrin kan tó ń sunkún, tó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, tí kò bojú. Mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà yàrá kan tó ṣófo, mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, mo lọ jókòó sókèèrè. Àwọn ọmọ sáré dé. Wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan ní, "Ta ló ṣe wọ́n?" Èkejì ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ." Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú mi ò dùn. Ó ṣe mí bí ẹni tó gbá ọmọ létí láìfọwọ́ kàn án.

Àwọn ọ̀gá tó ga ju Ọ̀gá Bàtà-Òjò lọ ní ojú arúgbó ò sí lára àmì tí ìjọba fọwọ́ sí. Ó ní kí wọ́n lọ fi ọmọ tiwọn dán an wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà nígbẹ̀yìn. Agbẹ́kùúta gbẹ́ ẹ sára òkúta tó ga ju èmi lọ. Ó ní òun ò gbẹ́ omijé rí, pé ó ṣòro ju irun lọ.

Wọ́n mú wa wọlé lọ gbé e nàró. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ fún wa látorí dé ẹsẹ̀, a wá dà bí àpò ìyẹ̀fun tó ń rìn. Koríko ti ga dé ojú fèrèsé wa. Aṣọ tí mo sá ṣì wà lórí okùn, ó ti gbó síbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí n dé ibojì ìyá rẹ. Wọn ò jẹ́ kí n kúnlẹ̀, wọ́n ní eékún ò gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Mo dúró gbagidi bí àlejò. Mo bá a sọ̀rọ̀ láti inú ohun tí wọ́n fi bò mí lẹ́nu, mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Ó ti parí báyìí. Mò ń bọ̀. Mo ti gé irun mi, Agbẹ́kùúta ti yá mi ní báàgì. Mo fi àwòrán orí bébà, èyí tí mo kọ́kọ́ yà, ránṣẹ́ sínú lẹ́tà yìí. Má fi í kọ́ yàrá ọmọ o! Mo kàn fẹ́ kí o rí i ni, ìwọ lo ni ín.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Lẹ́tà yín dé. Ọkọ mi ló gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Ó wọ ìbọ̀wọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ dúró níta, ó ti ilẹ̀kùn gíláàsì, ó sì ń kà á sókè kí n lè máa gbọ́ láti inú ilé. Nígbà tó kà á tán, ó kó lẹ́tà àti àwòrán sínú ọ̀rá, ó dì í, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó ohun tó léwu sí ní ilé ìwòsàn. Mo ń wò ó. Mi ò ní kó má ṣe é.

Mo bínú sí i, a jà, ó sunkún. Ó ní, "Mẹ́ta ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Èyí ńkọ́?" Ó ní ẹ ti wọ ibẹ̀, pé ẹ rìn lórí ilẹ̀ yẹn. Mo bi dókítà kan bóyá ó lè ràn. Ó ní rárá. Ìyá ọkọ mi ní kí ni dókítà mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá bá ara mi tí mò ń fọ ọwọ́ mi, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Bàbá mi, ẹ má tíì wá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bí i ná. Èmi tí mo ti ń bẹ̀ yín láti oṣù kẹrin ni mo ń kọ èyí. Ẹ má kórìíra mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án

Àgídí mi,

Mo jókòó kí n tó kà á, bí o ṣe wí.

Má sunkún, kò dáa fún ọmọ inú. Ohun tí ọkùnrin tó níyàwó olóyún ń ṣe ni ọkọ rẹ ṣe. Bá mi kí i dáadáa. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn yẹ ara mi wò, ẹ̀rọ náà ò sọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ ti ẹ̀rọ.

Láti ìgbà yìí wá ni mo ti ń wá ojú tí ọmọ ènìyàn máa rí tí yóò fi yí padà. Mi ò mọ̀ pé ọmọ tèmi ló máa kọ́kọ́ dá padà. Ó fi hàn pé iṣẹ́ náà dára nìyẹn.

Mo ti dá báàgì Agbẹ́kùúta padà fún un. Má gbé nǹkan wúwo.

Bàbá rẹ


Ogúnjọ́, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Mo bí ọmọbìnrin. Ẹ kú oríire ọmọ-ọmọ. Ó pé, ìka rẹ̀ pé, etí rẹ̀ tóbi gbàgẹ̀rẹ̀ bíi tiyín, àmọ́ tirẹ̀ ń gbọ́: ṣíbí kò gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ilé yìí. Bó bá ti jí, á fajú ro, bí ẹ ṣe rí lára físà yẹn gẹ́lẹ́.

Ọkọ mi ní kí n kọ ọ́ pé òun dọ̀bálẹ̀. Ó padà lọ sílé ìwòsàn láti wá àwòrán yín, wọ́n ti sun ún. Kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní kí ẹ máa bọ̀, òun fúnra òun ló máa wá pàdé yín, òun ló máa gbé ẹrù yín, láìwọ ìbọ̀wọ́.

Bàbá mi, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan láti oṣù tó kọjá. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń bínú ni, ẹ fi èébú ránṣẹ́ sí mi. Ó sàn ju báyìí lọ.

Àgídí


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Kò sí lẹ́tà. Fóònù Agbẹ́kùúta ò lọ. Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi àti ọmọ là ń bọ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ dárí jì mí, ẹ máa sọ ọ́ lójú mi pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́ yín.

Àgídí


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá

Àgídí mi ọ̀wọ́n,

Ọwọ́ Agbẹ́kùúta lo ń wò yìí, ẹnu mi ló ń sọ̀rọ̀. (Ọmọ mi, èmi Agbẹ́kùúta kí ọ o. Ó ní kí n má dá sí i.)

Ìbínú kọ́. Dídárí jì ọ́ kọ́, mi ò kà á sí ọ lọ́rùn rí. Ẹ̀jẹ̀ mi ló ti fúyẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dùbúlẹ̀, ọwọ́ mi ò sì lè di búrọ́ọ̀ṣì mú. Dókítà ò sọ pé ilé-iná ló fà á, kò sì sọ pé òun kọ́. Mo ní kí wọ́n má sọ fún ọ títí wàá fi bímọ, lẹ́yìn náà mi ò mọ ibi tí mo lè gbà bẹ̀rẹ̀.

Má wá. Dá tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà.

Ọ̀gá Bàtà-Òjò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó lórí àga ọmọdé, ó wá sọ ọ̀rọ̀ omi fún wa. Omi tá a ti ń mu níbí látìgbà tá a ti dé, odò wa tí oró ilé-iná ti wọ̀ ló ń sun sí i lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni. Wọ́n ti kó gbogbo ọmọdé lọ. Ibí dákẹ́ débi pé èmi adití pàápàá mọ̀ pé ó dákẹ́. Ìlú tí wọ́n kó wa sá lọ ti ń tẹ̀ lé ìlú tí wọ́n kó wa kúrò.

Mo fẹ́ rí ọmọ náà. Jẹ́ kí n sọ ọ́, kí o má baà rò pé mi ò fẹ́. Mo fẹ́ gbé e, kí n gbóòórùn orí rẹ̀, kó fa irùngbọ̀n mi títí omi fi máa bọ́ lójú mi. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó yẹn ni mo fi ń sọ fún ọ pé má gbé e wá. Mo ti bẹ ọmọ ẹni tí mi ò ní mọ̀ láé pé kó má súnmọ́ ibẹ̀. Ṣé ọmọ tèmi ni kí n wá pè wá?

Bí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ ni kí wọ́n gbé mi lọ, ó ti dá wà pẹ́ jù. Mo ti béèrè. Wọ́n ní òkú lè wọlé, alààyè ni wọn ò gbà. (Ó rẹ́rìn-ín níbí yìí. Èmi ò rẹ́rìn-ín.) Ọmọ rẹ ò ní lè débi ibojì wa. Bó bá dàgbà tó sì béèrè ohun tó dé, má parọ́ fún un. Sọ fún un pé iná dé, inú wa dùn, a ò béèrè ibi tí eérú rẹ̀ máa lọ. Èmi bàbá àgbà rẹ̀ náà ò béèrè. Kí òun máa béèrè. Kó béèrè títí á fi sú wọn.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejìlá

Bàbá mi,

Mo gbọ́. Mi ò ní wá.

Mo lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ti ka lẹ́tà yín, ó wà nínú àpò mi, mo ṣì lọ. Mo ti ní kí n fi ọmọ sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmú nìkan ló ń mu, kò gba ìgò. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi títí wọ́n fi ń pe orúkọ wa. Ó gbójú sókè wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín rí. Mo dìde, mo gbé e padà sílé.

Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń jẹ́ ọmọ ẹnì kan àti ìyá ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Bí mo bá gbá ọ̀kan mú, èkejì á bọ́.

Mo fi ọwọ́ rẹ̀ lé bébà, mo fi pẹ́ńsù yí i ká. Kò dúró jẹ́ẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ló ṣe wọ́ báyẹn. Ẹ di ọwọ́ náà mú fún mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ mu omi tí wọ́n bá gbé wá láti ibòmíràn nìkan.

Àgídí


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

Èmi Agbẹ́kùúta ni. Ẹni tó máa ń sọ ohun tí mo máa kọ kò sí mọ́, nítorí náà bí o bá rí àṣìṣe, èmi ni mo ni ín.

Lẹ́tà rẹ bá a láyé. Mo kà á sí i létí, mo pariwo títí, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ ti rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dúró. Ó di ojú. Mo rò pé ó ti sùn. Ó ní, "Tún ibẹ̀ kà." Mo tún un kà. Bébà ọwọ́ ọmọ náà wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi lọ, kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò. Ó fara balẹ̀ lọ. Ọmọ mi, ṣe sùúrù.

A gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ bó ṣe fẹ́. Èèyàn díẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ọ̀gá Bàtà-Òjò wá. A ò ráyè sọ̀rọ̀ púpọ̀, awakọ̀ ń fun fèrè pé ká máa bọ̀, pé ìwọ̀nba tí ara lè gbà ti pé. Mo fẹ́ gbẹ́ òkúta kékeré kan fún un, wọ́n ní irinṣẹ́ tó bá wọbẹ̀ ò ní jáde mọ́. Mo fi òòlù mi sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣé kò kúkú sí ẹni tí mo fẹ́ fi gbẹ́ nǹkan fún mọ́.

Ọkọ̀ tó fẹ́ kó àwa tó ṣẹ́kù ti wà níta. Wọn ò tíì sọ ibi tí wọ́n ń gbé wa lọ fún wa. Iléèwé yìí, ọ̀la ni wọ́n máa tì í pa. Bí o bá fẹ́ kọ lẹ́tà, ọmọ mi, má kọ ọ́ síbí mọ́. Kò ní bá ẹnikẹ́ni.

Agbẹ́kùúta